Èkó sí Calgary: kìlómítà mélòó gan-an ni, ọ̀nà wo ló sì yẹ ìyá àgbà?

ỌmọCampos

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìyá wa ń lọ sí Calgary ní Kánádà nínú oṣù Kejìlá. Àbúrò mi obìnrin máa bímọ níbẹ̀, àwọn ni wọ́n sì máa lọ wẹ ọmọ. Wọ́n ti lé díẹ̀ lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Bàálù tí wọ́n ti wọ̀ kò kọjá Èkó sí Àbújá, àwọn nìkan ni wọ́n sì máa dá rin ìrìn yìí. Físà ti jáde, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Mo bi àwọn éjẹ́ǹtì ní Marina àti Ọbáléndé pé báwo ni ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Ọ̀kan ní 7,000. Èkejì ní 11,270. Ẹ̀kẹta ní 12,000, òun náà ló tún ní kí a gba Addis Ababa torí owó ibẹ̀ rọjú. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú gbogbo èyí? Ṣé ọ̀nà tó bá kúrú jù náà ni kí n mú fún ìyá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ kí n tó sanwó.

TíṣàYábàá

Ọmọ mi, kò sí èyí tó parọ́ fún ẹ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí kálukú fi wọn ọ̀nà ló yàtọ̀.

Kìlómítà 11,270 ni láti pápákọ̀ Ìkẹjà dé ti Calgary, ká ní bàálù lè fò ó tààrà láìyà síbì kankan. 7,000 yẹn, máìlì ni. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.609, ṣe ìṣirò rẹ̀, wàá rí i pé ọ̀nà kan náà ni. Bó o bá tún bi awakọ̀ bàálù, òun á pè é ní nǹkan bí 6,085, torí máìlì ojú òkun làwọn ń lò, tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.852. Ẹni tó ní 12,000, ọ̀nà London ló ṣírò, kì í ṣe ti Addis tó ní kí ẹ gbà: 5,000 láti Èkó dé London, 7,015 láti London dé Calgary. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún dá iye kan fún ẹ, bi í pé: kìlómítà ni àbí máìlì? Tààrà ni àbí ó yà níbì kan?

Wo nǹkan kan níbẹ̀ o. Gbígba London kò fi ju nǹkan bí 750 kìlómítà kún gbogbo ọ̀nà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, torí lórí máàpù ara ògiri, Kánádà wà lọ́wọ́ òsì, London wà lókè, ojú á sì ní kí bàálù kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kó la òkun Àtìláńtíìkì kọjá gbọọrọ. Máàpù pẹlẹbẹ ló ń tan ojú jẹ, torí ayé rí róbótó. Wá globe tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níléèwé, fi òwú tẹ Èkó mọ́lẹ̀, fà á le dé Calgary. Òwú náà á gba orí Mali àti Mauritania, á kọjá lórí àwọn erékùṣù Canary, á la òkun lọ sí Labrador ní ìlà oòrùn Kánádà, á gba etí Hudson Bay ní gúúsù, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Calgary. Calgary fúnra rẹ̀ wà ní dígírì 51 sí àríwá, ṣùgbọ́n òwú yẹn á ti gòkè kọjá dígírì 55 kó tó padà wálẹ̀. Ọ̀nà tó kúrú jù lọ láàárín ìlú méjèèjì nìyẹn, òun sì ni àwọn ojúlé tó ń ṣírò jíjìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń gbé jáde. Níwọ̀n bí ọ̀nà náà ti kọrí sí àríwá láti ìbẹ̀rẹ̀, Yúróòpù kò fi bẹ́ẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà.

Kó o lè mọ bó ṣe tóbi tó: àyíká ayé ní agbedeméjì jẹ́ 40,075 kìlómítà, nítorí náà kò sí ìlú méjì tó lè jìn síra ju nǹkan bí 20,000 lọ. Ohun tí màmá fẹ́ rìn yìí ti ju ìdajì ìyẹn lọ.

ỌmọCampos

Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an ni sà. Ó ti wá yé mi. Ṣé bó ṣe jìn tó yìí ni kò jẹ́ kí bàálù kankan máa lọ tààrà láti Èkó?

AráMáfolúkù

Ẹ jẹ́ kí n bá Bàbá dáhùn èyí, torí iṣẹ́ pápákọ̀ ni mò ń ṣe. Rárá o, jíjìn kọ́. Boeing 787-9 lè fò tó kìlómítà 14,010. Àwọn Singapore Airlines ń fò láti Singapore lọ sí New York, ó lé ní 15,300, ó ń gbà tó wákàtí méjìdínlógún, láìbalẹ̀ síbì kankan. Qantas ń ti Perth ní Ọsirélíà fò lọ sí London láti ọdún 2018, ìyẹn náà jẹ́ nǹkan bí 14,500. Ohun tó fà á ni pé àwọn tó ń lọ láti Èkó sí Calgary lójúmọ́ kò tíì pọ̀ tó láti kún bàálù ńlá, owó epo ò sì kéré. Ibi tí èrò pọ̀ sí ni wọ́n ń lọ tààrà: Delta ń lọ sí Atlanta, tó jẹ́ nǹkan bí 9,400 kìlómítà, United ń lọ sí Washington láti oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Air Peace tiwa náà bẹ̀rẹ̀ London ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹta, 2024.

Ẹ má wo kìlómítà nìkan. Bàálù ńlá ń sá tó 900 kìlómítà láàárín wákàtí kan nígbà tó bá ti gòkè tán, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkè lè bù kún un tàbí kó dín in kù. Afẹ́fẹ́ líle kan wà ní nǹkan bí kìlómítà 9 sí 12 lókè ní apá àríwá ayé, láti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń fẹ́ lọ sí ìlà oòrùn. Ẹni tó ń lọ sí Kánádà ń kọjú sí i, ẹni tó ń bọ̀ ń gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí London sí Calgary fi ń gbà tó wákàtí mẹ́sàn-án, tí bíbọ̀ rẹ̀ sì máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú oṣù Kejì ọdún 2020, afẹ́fẹ́ yìí le débi pé bàálù British Airways kan lo wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta péré láti New York dé London, ìrìn tó máa ń tó wákàtí méje. Ti Èkó sí London kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ní lílọ àti bíbọ̀, torí gúúsù sí àríwá ni. Ẹ fojú sí wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú pàápàá ń sún ọ̀nà jìn. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, wọ́n ti òfuurufú wọn pa ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 2023 títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Àwọn bàálù tó ń ti Yúróòpù bọ̀ wá síbí ní láti yà gba ibòmíì, àwọn kan tilẹ̀ padà sẹ́yìn lójú ọ̀nà. Ìlú kò sún kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n ìrìn gùn sí i.

ÌyáÌbejìSùúrùlérè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra, Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí globe, ká wá sórí màmá fúnra wọn, torí àwọn ni wọ́n máa gbé báàgì.

Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó sì ń dá lọ, iye ìgbà tó máa sọ̀ kalẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù sí mi, lẹ́yìn náà ibi tó ti máa kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Kánádà. Kìlómítà á wá ṣe ìkẹta. Mo ti ṣírò rẹ̀ báyìí. Èkó-London-Calgary: nǹkan bí 12,020. Èkó-Amsterdam-Calgary: 12,250, KLM ló sì ń fò ojú ọ̀nà méjèèjì. Èkó-Atlanta-Calgary: nǹkan bí 12,470. Ẹ wá wo ti Addis tí éjẹ́ǹtì yín ń sọ: Èkó sí Addis jẹ́ 3,900, ìlà oòrùn ni, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé màmá lọ, Addis sí Toronto 11,500, Toronto sí Calgary tún jẹ́ 2,700. Ó ti di 18,100. Ó fi bí 6,000 ju ti London lọ, ó sì ti di bàálù mẹ́ta.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni èyí: ìlú tí bàálù bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí ní Kánádà ni wọ́n ti máa fi ìwé ìrìnnà han àwọn aṣọ́bodè. Bí ìlú yẹn bá jẹ́ Toronto, màmá á tò lórí ìlà níbẹ̀, wọ́n á dáhùn ìbéèrè, wọ́n sábà máa ń ní láti gba ẹrù wọn kí wọ́n sì tún un fi sílẹ̀, kí wọ́n tó wá ẹnu ọ̀nà bàálù mìíràn tó máa gbà tó wákàtí mẹ́rin sí i. Tó bá jẹ́ láti London tàbí Amsterdam ni wọ́n ti wọ èyí tó lọ tààrà, Calgary gan-an ni gbogbo ìyẹn á ti ṣẹlẹ̀, àbúrò yín á sì ti dúró síta. Bí ìdààmú bá wà, ọmọ wọn wà nítòsí. Nítorí èyí nìkan, ti London tàbí Amsterdam ni mo fara mọ́, kódà bó bá fi owó díẹ̀ wọ́n ju ti ẹlòmíì lọ.

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti Èkó dé Calgary o. Ẹ má jẹ́ kí éjẹ́ǹtì kankan so tíkẹ́ẹ̀tì méjì pọ̀ fún yín torí kó lè rọjú. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àǹtí mi. Bàálù àkọ́kọ́ pẹ́, wọ́n pàdánù èkejì, ilé-iṣẹ́ èkejì sì ní kò kan àwọn, torí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni. Orí àga pápákọ̀ ni wọ́n sùn, a sì ní láti ra òmíràn láti ilé. Nígbà tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan, ilé-iṣẹ́ náà ló máa wá bàálù mìíràn fún wọn, ẹrù náà á sì máa tẹ̀ lé wọn láìsí pé wọ́n ń gbà á ní London. Ìyẹn ṣe kókó, torí ẹni tó bá ní láti jáde lọ gba ẹrù ní London lè nílò físà ìlú náà.

Tí a bá ti dé ọ̀rọ̀ físà: Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà gba ilẹ̀ wọn kọjá láìní físà wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì péré. Ìdí tí mo fi yọ Atlanta kúrò nìyẹn. London àti Amsterdam máa ń yọ̀ǹda fún ẹni tó bá ní físà Kánádà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òfin wọ̀nyí ń yí padà. Ẹ kà á fúnra yín lórí ojúlé ìjọba wọn lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ má gba ti ẹnu éjẹ́ǹtì.

ỌmọẸ̀búttéMẹ́ta

Ẹ má fi bẹ́ẹ̀ lé àwọn ènìyàn kúrò ní Addis. Èmi gba ibẹ̀ lọ sí Toronto, wọ́n tọ́jú mi dáadáa, owó tí mo fi pamọ́ níbẹ̀ ni mo fi san yàrá oṣù àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ kàwé lè gbà á.

ÌyáÌbejìSùúrùlérè

Òótọ́ ni, fún ọ̀dọ́ kò burú. Ìyá tó ti lé láàádọ́rin là ń sọ.

Nọ́ọ̀sìÌdíÀràbà

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú màmá lọ rí dókítà wọn kí wọ́n tó lọ, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Ìdí ni pé wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé ni wọ́n máa fi jókòó nínú bàálù méjèèjì. Ìrìn tó bá ti ju wákàtí mẹ́rin lọ lórí ìjókòó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ewu náà sì ń pọ̀ sí i fún àgbàlagbà. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n nílò ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀. Ẹ má rà á lójú pópó lásán, ó ní bó ṣe gbọ́dọ̀ fún tó.

Nínú bàálù, kí wọ́n gba ìjókòó etí ọ̀nà, kí wọ́n lè dìde nígbà tó bá wù wọ́n láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa yí ọrùn ẹsẹ̀ po bí wọ́n bá jókòó. Kí wọ́n máa mu omi. Atẹ́gùn inú bàálù gbẹ púpọ̀, ó sì fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó ga tó 1,800 sí 2,400 mítà, nítorí náà ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Àwọn ìyá wa kan kì í fẹ́ mu omi torí wọn ò fẹ́ máa lọ sí ilé ìtọ̀. Ẹ bá wọn sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́ kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà: inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, nínú páálí tí wọ́n fi tà á, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹrù abẹ́ bàálù lè pẹ́ kó tó dé. Ní oṣù Kejìlá, aago Èkó fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú ti Calgary. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi aago ọwọ́ wọn sílẹ̀ sórí aago Èkó títí wọ́n á fi dé, kí wọ́n máa fi lo oògùn, kí dókítà sì ti sọ bí wọ́n ṣe máa yí i sí aago ọ̀hún. Ẹni tó bá ń gún abẹ́rẹ́ insulin, kó má dá a yí fúnra rẹ̀ rárá.

SísìOníkòyí

Ọ̀rọ̀ aago tí nọ́ọ̀sì mẹ́nu bà yìí, mo fẹ́ fi kan kún un, torí ó ń da àwọn tó ń ka tíkẹ́ẹ̀tì láàmú. Aago ìlú tí bàálù ti gbéra ni wọ́n ń kọ fún gbígbéra, aago ìlú tó balẹ̀ sí ni wọ́n ń kọ fún bíbalẹ̀. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé bàálù kúrò ní London ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó balẹ̀ sí Calgary ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé wákàtí méjì ni. Wákàtí méje ló wà láàárín aago ìlú méjèèjì, nítorí náà wákàtí mẹ́sàn-án ni ìrìn yẹn. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá dáadáa kí ọkàn wọn má baà pòrúurùu lójú ọ̀nà.

Nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì náà ni kí ẹ ti sọ pé ẹ fẹ́ àga oníkẹ̀kẹ́ fún wọn ní gbogbo pápákọ̀. Wọn kì í gba owó rẹ̀. Kò di dandan kí ẹsẹ̀ máa dùn wọ́n kí wọ́n tó béèrè. Pápákọ̀ London fẹ̀ gan-an, òṣìṣẹ́ tó bá ń tì wọ́n ló máa mú wọn dé ẹnu ọ̀nà bàálù kejì. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, sáàárín bàálù àkọ́kọ́ àti èkejì.

Awakọ̀Lẹ́kkí

Ẹ̀yin ará, ẹ ti sọ kìlómítà 12,000 tán, kò sẹ́ni tó sọ ti inú Èkó. Láti Campos dé pápákọ̀ Ìkẹjà kò ju ogún kìlómítà àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nínú oṣù Kejìlá, ẹ lè jókòó wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà. Ẹ gun Third Mainland láti Adéníjì, kìlómítà 11.8 ni afárá yẹn, ẹ bọ́ sí Oworonṣókí, ẹ gba Gbàgádà lọ sí Anthony, kí ẹ tó bọ́ sí Òṣòdì. Tí bàálù bá máa gbéra ní aago mọ́kànlá alẹ́, èmi á ní kí ẹ kúrò nílé ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Tó bá di aago mẹ́rin, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Island á ti kún orí afárá, ẹ ò sì ní ríbi yà sí mọ́. Ẹ wò ó lórí tíkẹ́ẹ̀tì pé térémínà wo ni, torí èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2022 yàtọ̀ sí ti àtijọ́.

Ọyẹ́ náà ńkọ́? Nígbà tí ọyẹ́ bá mú dáadáa, ojú ọjọ́ á ṣú pẹ̀lú eruku, bàálù kò ní ríran tó láti balẹ̀ tàbí gbéra lásìkò. Ìdí mìíràn nìyẹn tí wákàtí mẹ́ta tí Sísì dá kò fi pọ̀ jù ní London.

ỌmọCampos

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ kú àánú wa. Èmi àti àbúrò mi ti sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Èkó sí Amsterdam sí Calgary la fẹ́ mú, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ìjókòó etí ọ̀nà, àga oníkẹ̀kẹ́. Mo ti ka òfin ìrékọjá wọn lórí ojúlé ìjọba, mo sì tún ti tẹ ilé-iṣẹ́ bàálù náà láago láti rí i dájú. A ó rí dókítà lọ́jọ́ Ajé. Ohun kan tó kù: màmá ti ń di ẹrù oúnjẹ. Ẹran gbígbẹ, ẹja gbígbẹ, èlùbọ́, gààrí, ewé fún àgbo ọlọ́mọ. Ṣé gbogbo rẹ̀ máa wọlé?

ÌyáÌbejìSùúrùlérè

Ẹ yọ ẹran kúrò pátápátá, àti gbígbẹ àti tútù, ẹran ìgbẹ́ pàápàá, Kánádà kì í gbà á. Ewé tútù àti ohunkóhun tí iyẹ̀pẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Gààrí àti èlùbọ́, ẹ ra èyí tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ lára rẹ̀, ẹ má di ti ọjà Balógun sínú ọ̀rá dúdú. Ní ti ẹja, ẹ wo ojúlé àwọn aṣọ́bodè Kánádà fún oríṣi àti ìwọ̀n tí wọ́n ń gbà. Kí màmá sì sọ pé àwọn gbé oúnjẹ wá nígbà tí wọ́n bá bi wọ́n. Ẹni tó bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ohun tó burú jù ni kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó bá fi pamọ́ lè san owó ìtanràn. Ẹ kọ gbogbo orúkọ oúnjẹ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì sórí bébà kan, kí wọ́n kàn fà á lé wọn lọ́wọ́, kí nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì àbúrò yín wà lórí bébà kan náà.